Omi Tí Ọkọ̀ Ń Mu Nílé Wa

Ọkọ̀ kì í wọ agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà fún ìgbà àkọ́kọ́ kí ó má mu omi kànga. Bí ọmọ ilé bá ra ọkọ̀, ìbáà ṣe èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ jáde, ìbáà ṣe tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó, iwájú ilé wa ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá. Ìyáálé ilé yóò fa omi nínú kànga tí bàbá bàbá wa gbẹ́, yóò bù ú sínú igbá, yóò wúre sí i, a ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi náà sínú rédíétọ̀. Bí ó bá ti dà á tán, ààfáà yóò ṣe àdúà, àwọn ọmọdé yóò sì gba àkàrà. Ẹni tí kò bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, a kì í bá a jà. Ojú ọmọ tí a kò sọ lórúkọ ni a kàn máa ń fi wo ọkọ̀ náà.

Igbá omi yìí kò pa ọkọ̀ kankan láyé àwọn bàbá wa. Ọkọ̀ ẹrù tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń kó aṣọ òfì láti Òjé lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun ni ó mu títí ó fi gbó. Mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ni mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Irin gidi ni ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà náà; idẹ ni rédíétọ̀ wọn, ọ̀nà omi inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí díẹ̀ kò fi lè dí i. Ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀nà tí omi sì ń gbà kọjá nínú rédíétọ̀ tín-ínrín bí ojú abẹ́rẹ́.

Omi wa dùn lẹ́nu, kì í sì í gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ará Ìdí Arẹrẹ pàápàá a máa wá pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó lé, omi tí ó bá sì gba inú àpáta kọjá yóò gbé nínú ẹrù àpáta dání. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú omi náà. Ìyàwó tuntun tí ó bá kọ́kọ́ fọṣọ nílé wa a máa bínú sí ẹni tí ó ta ọṣẹ fún un. Kẹ́túlù tí a fi ń se omi tíì ní èèpá funfun nínú, tí ó le bí ẹfun, tí ọ̀bẹ kò lè hà tán.

Ọmọbìnrin àbúrò mi kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Láàárọ̀, yóò kó wọn láti agbègbè Ọjà'ba àti Màpó lọ sí ilé-ìwé wọn. Lọ́sàn-án, yóò kó wọn padà. Iṣẹ́ náà ni ó fi ń jẹun, òun ni ó sì fi ń tọ́ ọmọ tirẹ̀. Ìyá tí ó bí i kú nígbà tí ó ṣì wà ní ìkókó, Ìyá wa ni ó sì pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn. Ẹni tí mò ń pè ní Ìyá yìí ni ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ kẹ́yìn. Mo ti ń sáré kiri àgbàlá nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, nítorí náà ọkọ ni ó ń pè mí títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Akọ̀wé ni ó sọ mí, ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàtà lọ sí ilé-ìwé àwọn ìjọ onígbàgbọ́, tí àwọn ọmọ ilé kéú ń fi mí ṣẹ̀sín. Òun ni ìyáálé wa nísinsìnyí. Ọwọ́ rẹ̀ ni igbá wà.

Ọkọ̀ tí ọmọ náà ń lò tẹ́lẹ̀ mu omi kànga gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó bàjẹ́ nítorí pé ọmọ náà gba omi yẹn gbọ́ ju bí a ti ní kí ó gbà á gbọ́ lọ. Ó pọn ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀, bí omi inú rédíétọ̀ bá sì ti fà díẹ̀, òun ni ó ń bù sí i. Ó rò pé omi tí a wúre sí kò lè ṣe ibi. Kúláǹtì, omi olóògùn tí a ń dà sí rédíétọ̀, tí ó bá nínú ọkọ̀ náà nígbà tí ó rà á ti ṣàn lọ tipẹ́. Omi kànga nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Mẹkáníìkì rẹ̀ kò sì bá a wí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ni òun náà sọ fún un: pé ilẹ̀ òyìnbó tí omi ti ń di yìnyín ni wọ́n ṣe kúláǹtì fún, pé ooru ni tiwa, omi lásán sì tó fún ooru. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi títí ó fi sú mi. Iṣẹ́ kúláǹtì kò mọ sórí yìnyín. Ó ń jẹ́ kí omi gbóná ju ti omi lásán lọ kí ó tó hó, àwọn èròjà inú rẹ̀ sì ń dáàbò bo irin kí ó má baà pẹtà. Ẹni tí ó wà nínú ooru ni ó nílò rẹ̀ jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà hó ní Bẹẹrẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú rẹ̀. Oòrùn mú, ọkọ̀ tò gbọọrọ sẹ́yìn rẹ̀, oru omi gbígbóná sì bo gíláàsì iwájú. Ó ní làákàyè tó láti má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná. Ó kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀, ó mú wọn lọ sábẹ́ ìbòòji, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà. Ooru ti tẹ orí rẹ̀ wọ́. Nínú ọ̀nà omi, èèpá funfun àti ìpẹtà ti pò pọ̀ di ẹrẹ̀ pupa, ó sì dí i pa. Ìgbà tí mo rí kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ yé mi, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà. Ọkọ̀ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́. Wọ́n tú u tà ní wẹ́wẹ́.

Àwọn òbí wá ọkọ̀ mìíràn fún àwọn ọmọ wọn. Díẹ̀ nínú wọn ṣèlérí pé àwọn yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ó bá rí ọkọ̀ tí kò ní dúró sójú ọ̀nà. Nígbà tí ó pẹ́, ó rí òmíràn rà. Kò gbé e wá sílé. Abẹ́ òkè Màpó ni ó ń gbé e sí, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn wá kí Ìyá ní ìrọ̀lẹ́.

Mo pè é sí yàrá mi, mo bi í léèrè. Ó kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá, mi ò lè gbé e wọlé. Tí èyí náà bá hó, kò sí òbí tó máa gbé ọmọ rẹ̀ fún mi mọ́."

Mo bi í pé ṣé ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá.

"Báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Ṣé kí n sọ fún Màámi pé omi ọwọ́ wọn ló pa tàkọ́kọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Bí ọkọ̀ yẹn bá mu omi kànga, iṣẹ́ ọmọ náà wà nínú ewu. Bí kò bá mu ún, ọmọ tí Ìyá fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dá igbá padà sí i lọ́wọ́, lójú gbogbo ilé. Ọmọ náà tilẹ̀ dábàá pé kí Ìyá da omi rẹ̀ sínú ọkọ̀, kí àwa sì lọ tú u dànù ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ kejì. Mo ní a kì í da omi tí a wúre sí sínú gọ́tà. Èyí burú ju kí a kọ̀ ọ́ lọ.

Ìyá kò dúró kí n wá bá òun. Ìròyìn kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni àga rẹ̀ wà, gbogbo ẹni tí ó bá sì ń sọ̀ lọ sí Ọjà'ba ni yóò dúró kí i. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, ó ti ń retí mi.

"Ọkọ mi Akọ̀wé," ó ní, "wọ́n ní ọkọ̀ kan wà lábẹ́ Màpó tí ó jẹ́ ti ilé wa. Ṣé ẹrù olè ni, tí wọ́n fi ń gbé e pamọ́?"

Mo ní ọmọ náà ní ìdí.

"Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́n ṣì ń dùn mí. Ìyẹn náà ní ìdí."

Mo wọlé lọ gbé kẹ́túlù wá, mo ṣí i, mo yí i sí ìmọ́lẹ̀ kí ó lè rí èèpá inú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí ó wà nínú kẹ́túlù yìí ni omi kẹ́ẹ̀gì ọmọ náà kó sínú ọkọ̀ tí ó kú, àti pé ọ̀nà omi inú ọkọ̀ kéré ju ẹnu kẹ́túlù lọ fíìfíì.

"Kẹ́túlù yìí ti ń se omi láti ìgbà tí irun yín ṣì dúdú," ó wí. "Ṣé ó kú?"

"Kò kú, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ń pẹ́ kí ó tó hó."

"Èmi náà ń pẹ́ kí n tó dìde, ẹ ò sì tíì sọ mí nù."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó fi ìka rẹ̀ kan èèpá náà, ó sì fọwọ́ ra á títí. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí léèrè ohun tí mo wá fẹ́ kí ọkọ̀ máa mu. Ìgò kúláǹtì aláwọ̀ ewé kan wà nínú yàrá mi, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń rà. Mo gbé e wá. Ó ṣí i, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ti fi ìka bọ̀ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ìka náà tó dé ẹnu. Mo sọ fún un pé ó dùn, pé adùn yẹn gan-an ni ewu rẹ̀, nítorí pé májèlé ni.

Ó nu ìka rẹ̀ nù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sára àkísà kan. Ó ń wo àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dùbúlẹ̀ níwájú ilé.

"Bí ewúrẹ́ bá lá a ńkọ́?"

Mo ní yóò kú.

"Ọkọ̀ a sì máa jò?"

Mo ní ọkọ̀ a máa jò nígbà mìíràn.

"Ibo ni ewúrẹ́ mi ń sùn sí lọ́sàn-án, bí kò ṣe abẹ́ ọkọ̀? Ibo ni àwọn ọmọdé ń sá pamọ́ sí? Omi tí a fi wẹ ẹ̀yin gan-an lọ́jọ́ tí a bí yín, ẹ ní kò dára tó fún ọkọ̀. Èyí tí yóò pa ohun ẹlẹ́mìí ni ẹ ní kí a gbé wọlé. Ọkọ mi, ẹ lọ tún un rò."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ó sọ. N kò yí ọkàn padà nípa omi kànga, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ti ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ láì ro ọ̀rọ̀ ilé tí ọkọ̀ yóò máa sùn sí. Ní ọgbà mẹkáníìkì, kò sí ewúrẹ́. Ní Bẹyẹrúnkà, ewúrẹ́ ni ó ni ìbòòji.

Mo wọ aṣọ, mo gba ọ̀nà ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ ní Géètì, mo sì mú ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ náà dání. Ọjà náà kún fún ìgò oríṣiríṣi: aláwọ̀ ewé, pupa, àwọ̀ ọsàn, búlúù. Ọkùnrin tí ń tà á sọ fún mi pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé ẹwà lásán ni àwọ̀. Ààbọ̀ òtítọ́ ni. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè da aró sínú omi ẹ̀rọ kí ó sì dé e ní ìdérí. Mo rí ìgò kan níbẹ̀ tí kò ní ohunkóhun lára ju àwòrán ọkọ̀ lọ, tí kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tàbí ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n pé ọ̀kan náà ni wọ́n, èyí kì í ṣe òótọ́. Èròjà tí ń dáàbò bo irin nínú wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Bí a bá pa àwọn tí kò bára tan pọ̀, wọ́n lè dì bí ògì nínú rédíétọ̀. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni a ń rà, ẹ̀yìn ìgò ni a sì ń kà, kì í ṣe iwájú.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọjà rẹ̀. Ó gbé ìyẹ̀fun kan wá tí ó ní ó ń dí ibi tí ó bá ń jò. Mo bi í pé báwo ni ìyẹ̀fun náà ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tí ó yẹ kí ó dí àti ihò tí omi ń gbà kọjá.

"Bàbá, ẹ fẹ́ fi ìbéèrè pa mí," ó wí, ó sì dá a padà sórí pákó.

Ó tún gbé omi bátìrì wá, pé kí n fi la kúláǹtì. Mo kọ èyí náà, mo sì sọ ìdí fún un. Ohun méjì ni a ń pè ní omi bátìrì lọ́jà wa: ọ̀kan jẹ́ ásíìdì, èkejì jẹ́ omi tí a sè di oru tí a sì tún gbà padà ní omi, tí kò ní ẹrù àpáta kankan nínú mọ́. Èkejì yìí ni ó dára fún rédíétọ̀. Ìgò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹni tí ó bá kánjú rà á lè fi ásíìdì fọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ìgò ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó kà á, ó lọ pààrọ̀ rẹ̀, mo sì rà á.

Ohun tí mo wá gan-an kò sí lórí pákó. Irú kúláǹtì kan wà tí májèlé rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti èyí tí ó wọ́pọ̀. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un, ó fóònù kiri, wọ́n sì rí i ní Èkó. Nígbà tí ó dé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọkùnrin náà, mo fi ẹ̀yìn ìgò wé ìwé ọkọ̀ títí mo fi rí i pé wọ́n bára mu. Kì í ṣe ohun mímu fún ẹnikẹ́ni. Mo wí èyí kedere nílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kán sílẹ̀, tí a tètè fi omi ṣàn án, n kò ní máa ka ewúrẹ́ Ìyá láàárọ̀.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni a ti ṣe iṣẹ́ náà. A jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá. A tú èyí tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ike tí ó ní ìdérí, a fi omi tí a rà ṣan inú rẹ̀ títí ó fi mọ́, a sì fi tuntun sí i ní ìwọ̀n tí ìwé sọ. Ọmọ náà dúró tì mí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹnu ike kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, èyí tí a ń bu omi sí fún fífọ gíláàsì.

"Bàbá, ẹnu méjì ló wà níbí. Tí Màámi bá dé, ẹ jẹ́ ká ṣí èyí fún wọn. Wọn ò ní mọ̀."

Omi kànga kò lè ṣe ohunkóhun níbẹ̀ ju pé kí ó fi àmì funfun díẹ̀ sára gíláàsì lọ. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n n kò gbà. Mo sọ fún un pé ẹni tí yóò wúre fún un kò yẹ ní ẹni tí yóò tàn jẹ, àti pé bí Ìyá bá gbọ́ lẹ́yìn ọ̀la, kò sí omi tí yóò wẹ ọ̀rọ̀ náà nù. Ó sì gbé ọkọ̀ náà wá sílé.

Gbogbo ilé ti péjọ. Ìyá jókòó sórí àga rẹ̀, igbá wà lórí itan rẹ̀, ó ti kún. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún un lójú gbogbo wọn pé rédíétọ̀ ti kún fún ohun tí ó yẹ ẹ́, pé mo ti rò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti ní kí n rò ó, pé ewúrẹ́ lè sùn sábẹ́ ọkọ̀ yìí, àti pé n kò fẹ́ kí omi kànga wọ inú rẹ̀. Ààfáà bojú wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá kò wò mí rárá. Ọmọ náà ni ó ń wò.

"Ìwọ ọmọ yìí. Omi mi ni ó pa ọkọ̀ rẹ àkọ́kọ́?"

Ó kúnlẹ̀ síbi tí ó wà. "Màámi, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé àdúà yín ló pa á. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn."

"Àdúà kọ́ ni ó pa á. Kẹ́ẹ̀gì ni. Igbá kan ni mo fún un, bí a ti ń fún ọmọ tuntun ní ìtọ́wò. Ta ni ó ní kí o máa rọ ọ́ ní àgbo lójoojúmọ́?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì fi ikọ́ bò ó. Ọmọ náà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá na ọwọ́ sí mi kí n ràn án lọ́wọ́ dìde. Ó súnmọ́ ọkọ̀ náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ inú ìkòkò wò. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ike kékeré náà, ó bi mí léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ibẹ̀ ni omi tí a fi ń fọ gíláàsì iwájú ń wà, kí awakọ̀ lè ríran.

"Ojú rẹ̀ nìyẹn?"

"A lè pè é bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ẹ sì ti ń jẹ́ kí n máa da omi síbi rédíétọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ta ni ń jẹun láàárọ̀ kí ó tó bọ́jú?"

Ó wúre. Ó gùn ju bí ó ti máa ń gùn lọ, ó sì dárúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ wa ti ń dárúkọ wọn sí i létí. Nígbà tí ó ṣe àṣẹ, mo ṣí ìdérí ike, ó sì da omi inú igbá sí i títí ó fi kún. Ó ní kí ọmọ náà wọ inú ọkọ̀ kí ó bọ́jú rẹ̀ kí a rí i. Omi tú sókè lára gíláàsì, wáípà gbá a lọ gbá a bọ̀, díẹ̀ sì ta sí fìlà ààfáà.

Àwọn òbí tí ó ṣèlérí padà, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ọkọ̀ náà ń gòkè Màpó láràárọ̀ títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí, kò sì tíì hó. Láìpẹ́ yìí ni ọmọkùnrin ilé wa kan gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ti fọwọ́ lé ìdérí rédíétọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ìyá gbá a lọ́wọ́.

"Kúrò níbẹ̀," ó wí. "Ojú rẹ̀ dà?"